Omi Tí A Kò Bèèrè Mọ́

Iṣu Ìsánlú ni mo kó, ẹgbẹ̀fà géérégé,
nínú ọkọ̀ Kútọnú tó ń yan gíá fúnra rẹ̀.
Tí a bá ti kọjá Kábbà, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra,
òórùn náà á dé:
ẹ̀wà tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò.
Bámitálẹ́ ọmọ ọkọ̀ mi á ti fi ẹsẹ̀ kan síta,
igi ìdènà lábẹ́ abíyá,
á fò, á ti igi bọ ẹ̀yìn táyà,
èmi á pa ọkọ̀,
a ó jókòó ti gíábọ́ọ̀sì bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.

Ìyá Ibitóyè ló ń fún wa lómi.
Ilé tirẹ̀ nìkan ló wà ní ìdajì òkè yẹn.
Garawa mẹ́rin, nígbà míì mẹ́fà,
omi tó fi orí ara rẹ̀ rù wá láti ìsàlẹ̀.
Mo máa ń dà á sórí irin, irin á ké ṣááà.
Kì í gba kọ́bọ̀. "Ọ̀kun o," ni yóò wí,
"ẹ jẹ́ kó sinmi, òun náà ń ṣiṣẹ́."

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń tan ara mi jẹ.
Mo pààrọ̀ epo gíá, mo tún un pààrọ̀.
Epo tó pupa bí osùn lọ́jọ́ tí mo rà á
á ti dúdú bí ọ̀dà kí oṣù tó kú.
Mo ní ẹrù ló pọ̀. Mo ní oòrùn ni.
Mo ní bóyá ẹnì kan nílé ló ń ṣe mí.

Mẹ́jàbí, makáníìkì ẹ̀yìn pákó títà ní Kábbà,
ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ń sọ̀rọ̀,
fa ọ̀pá epo yọ, ó fi imú kàn án, ó fi ìka méjì ra á.
Ó ní: "Inú rédíétọ̀ omi ni wọ́n ki kúlà epo yìí bọ̀.
Omi gbígbóná wo ló ń tu epo gbígbóná lára?
Ẹni méjì tí ibà ń ṣe, ẹ tẹ́ wọn sórí ẹní kan ṣoṣo!"
Mi ò rẹ́rìn-ín. Owó iṣu ni mo ń kà nínú.

Ó rí òmíràn tú lára tírélà símẹ́ńtì kan tó dànù lọ́nà Ọ̀bàjànà,
ó fẹ̀ ju tàtijọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, eyín rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí òòyà.
Ó fi kẹrosíìnì fọ inú rẹ̀ títí ohun tó ń jáde fi mọ́.
Ó gbé e síwájú pátápátá,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọ́kọ́ kan ọkọ̀,
họ́ọ̀sì méjì, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀,
ó dì wọ́n, ó rìn lọ, ó padà wá tún wọn dì.
Ó so aago kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítíárìn:
"Abẹ́rẹ́ yìí ni kí o máa wò. Má wo òkè."

Mo wo òkè.
Mo wo abẹ́rẹ́. Ó gùn díẹ̀, ó dúró.
Ó dúró.
Imú mi ń wá òórùn ẹ̀wà kiri bí ajá,
erùpẹ̀ ara iṣu nìkan ló ń bá pàdé.
Bámitálẹ́ gbé igi rẹ̀ lé itan,
kò mọ ibi tí yóò fi í sí.
Ilé yọ lápá òsì.
Ìyá ti gbọ́ wa, ó ti gbé garawa.
A kọjá.

Mo rí i nínú dígí, garawa lọ́wọ́ kan,
ọwọ́ kejì lókè: bóyá ó ń juwọ́ ni,
bóyá ó ń fi bo ojú fún oòrùn,
ó ń kéré lọ.

Kò sóhun tó ṣe ọkọ̀.
Mo tẹ bíréèkì.
Bámitálẹ́ fò bọ́ọ́lẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu, igi lọ́wọ́.
Mo ṣa iṣu mẹ́fà, kì í ṣe àwọn tó ti gé,
mo rìn padà sísàlẹ̀.
"Ó tún ti gbóná?"
Rárá, ìyá. Ọ̀kun o.
Ó wo iṣu. Ó wo ọkọ̀ tó ń mí jẹ́jẹ́ lókè.
"Mo mà ti pọn omi náà."
Mo bá tẹ̀ ba garawa,
mo fi ọwọ́ méjèèjì bù ú mu.